Yèyé, Ojú Ìwé Tó Kẹ́yìn Kọ́ Lẹ Kà fún Mi

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Láti Sátidé tí a ṣe ìrántí ọdún kan yín ni mo ti jókòó ti ìwé kan bí ẹni tó rí ejò nínú àpò ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Mọ́ńdé ni mo gbọ́dọ̀ dá àwọn ará Abẹ́òkúta lóhùn. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni, àwọn tó ti pè mí síṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ wà láyé, tí mo ní n kò lè fi ulé sílẹ̀. Wọ́n tún ti pè.

Ẹ mọ ìwé tí mò ń wí. Ìwé àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó jọ dàgbà nínú ilé kan, tí wọ́n fún yín lẹ́bùn nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí èèpo rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ ata gbígbẹ. Ojú yín á wà lára ọ̀rọ̀ òyìnbó inú rẹ̀, ẹnu yín á máa sọ ọ́ ní èdè Ìkẹ́rẹ́ wa, àwọn ọmọ inú rẹ̀ á sì máa gún iyán bíi tiwa. Àgbà, Àárín àti Àbíkẹ́yìn lẹ sọ wọ́n. Ìsinmi gígùn tí ọmọ bá fẹ́ wọ girama lẹ máa ń kà á fún un, òun nìkan, bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn yòókù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ìpín ọmọ náà ni, a kì í fún ẹlòmíràn tọ́ wò. Bí ẹ bá kà á tán, ó di abẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán lọ́jọ́ náà, àwa ọmọbìnrin yín mẹ́ta ṣí àpótí láti pín aṣọ yín. Àǹtí Láyọ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

“Ìwé mi rèé o! Ìwé Àgbà tó sọdá òkun, tí kò bẹ̀rù ẹnìkankan!”

Àǹtí Yẹ́misí ju ìró ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Òkun wo? Àárín ló ni ìwé yẹn. Òun àti Àgbà jà, wọn ò kí ara wọn mọ́, Àárín ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.”

“Ìwọ tó máa ń sùn sórí ẹ̀gúsí?”

“Àǹtí mi, itọ́ yín ló ba ẹ̀gúsí jẹ́ lọ́dún tiyín. Gbogbo ulé ló gbọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín, Yèyé. Mo rò pé èmi ni yóò parí ìjà wọn. “Ẹ̀yin méjèèjì ti gbàgbé. Àbíkẹ́yìn ló jókòó ti ìyá rẹ̀. Ulé di tirẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń padà wá jẹun.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi yí. Mo bá ṣí ìparí ìwé láti fi já wọn nírọ́. Mo kà á sókè, mo tún un kà.

Àgbà kò sọdá òkun kankan. Òun àti Àárín kò parí ìjà. Àbíkẹ́yìn ló lọ! Ìyá rẹ̀ sìn ín dé orí afárá, kò pè é padà. Ìyá náà padà sílé, ó gbé oúnjẹ ẹnu kan kaná. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Gbogbo ojú ìwé yòókù mọ́. Èyí nìkan ni igun rẹ̀ dúdú, tó ń dán fún òróró ẹ̀gúsí. Nígbà tí a bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ tán, ṣé òun lẹ máa ń ṣí kà lẹ́yìn wa? Mo wá rántí bí ẹ ṣe tọ́ àtàǹpàkò lá nígbà tí a dé ìparí tèmi, tí ẹ wúkọ́, tí ẹ ní ojú ń ta yín. Mo sáré bu omi wá fún yín.

Àǹtí Láyọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ mi. “Ìwé yìí ò dáa. Ta ló ń ka irú èyí fún ọmọdé? Màmá tún un ṣe ni. Ojo ni mí. Bí kì í bá ṣe òkun yẹn, n kì bá dá wọ ọkọ̀ lọ Ìbàdàn láéláé.”

“Ìwé yẹn dáa,” ni Àǹtí Yẹ́misí wí. “Ìyá inú rẹ̀ gbọ́n. Ẹ wo ọmọ yìí. Màmá fi ìtàn so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.”

“Má sọ bẹ́ẹ̀ sí òkú!”

“Òkú tèmi náà ni!”

Wọ́n sunkún, wọ́n sì di ara wọn mú. Èmi kò lè sunkún. Ìyanu ló gbé mi jókòó.

Yèyé, ẹ fún Àǹtí Láyọ̀ ní ìgboyà. Ẹ fún Àǹtí Yẹ́misí ní sùúrù, ẹ sì mọ̀ pé ó nílò rẹ̀. Kí lẹ fún èmi? Ṣé ẹ rí i pé ulé ni yóò tẹ́ mi lọ́rùn ni, àbí ẹ̀yin lẹ kò fẹ́ gbé oúnjẹ ẹnu kan kaná? Bí ẹ bá kà á fún mi bó ṣe wà, ṣé ẹ rò pé n kò ní dúró?

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo láyọ̀ lọ́dọ̀ yín. Iyán tí a jọ jẹ, àdúrà àárọ̀, bí ẹ ṣe máa ń kan ògiri kí n mọ̀ pé ẹ ti jí. N kò mọ bí mo ṣe lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo bínú díẹ̀.

Mo ti dá wọn lóhùn ní Abẹ́òkúta. Mo ní mò ń bọ̀. Àǹtí Yẹ́misí yóò máa ti Àkúrẹ́ wá ṣí fèrèsé kí ulé má bàa hu èébu. Ìwé náà ti wà nínú àpò mi. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbéra, n ó wẹ̀yìn wo òkè Olósùnta títí kò ní hàn mọ́. Ẹ sìn mí dé ibẹ̀, Yèyé. Ẹ má pè mí padà.

Èmi ni,
Àbíkẹ́yìn yín, tó fẹ́ràn yín bó ṣe wà nínú ìwé àti bí ẹ ṣe sọ ọ́.