Ọ̀bẹ Kankan Ò Ní Kan Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Rẹ

Dókítà Àwòrán, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Àwa náà ń bẹ láyé, a ò tíì ṣetán àtilọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ojú rẹ méjèèjì fún ọ, torí ojú lo fi ń jẹun.

Kí o mọ̀ pé èmi gan-an ni mo darí ọ̀gá rẹ obìnrin nígbà tó wá yẹ àwòrán olóògbé ìyá rẹ wò ní pálọ̀. Láìsí mi, iṣẹ́ ì bá dúró. Ó dáa, kọ́tìnì ni mo dì mú kí oòrùn má baà wọlé, mo sì fà á já.

O ti sọ fún mi pé iná tí wọ́n ń gbé bọ̀ máa ń rí abẹ́ ọ̀dà láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ni mo bá wọ ṣòkòtò méjì. Mo ní kí ọ̀gá rẹ tàn án sí orúnkún mi tó ń ro mí, ó ní àwòrán tó ti gbó nìkan ló wà fún. Mo ní kí ló wá rò pé èmi jẹ́.

Àbúrò mi télọ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ní aṣọ ni wọ́n ya àwòrán sí, aṣọ sì ni aṣọ ń jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun tú u, kí òun fọ̀ ọ́, kí òun sì lọ̀ ọ́. Mo ní orí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀.

Nígbà tí iná náà tàn, gbogbo ara àwòrán ń dán bí ewé tútù, àfi ojú ìyá rẹ tó ṣú. Ọ̀gá rẹ ní aṣọ náà ti gan, bí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ọ̀dà á máa ṣí bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi nǹkan kan sójú rẹ̀, iná rí i, iná ò mọ orúkọ rẹ̀, bí wọ́n bá sì lo oògùn tí kò bá a mu, ojú ìyá rẹ á bá a lọ. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo wo àjà, mo ní ó lè jẹ́ aláǹgbá. Ó ní aláǹgbá wo ló ń kun ojú déédéé báyìí? Mo ní àwọn kan wà tí wọ́n mọ iṣẹ́.

Ló bá ní kò sọ́nà mìíràn, àwọn á fi ọ̀bẹ kékeré bu díẹ̀ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú àwòrán. Èmi ọkọ rẹ̀, kò jẹ́ kí n já ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà jẹ rí, ta ni wọ́n jẹ́ tí wọ́n á fi gé e? Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn máa padà, pé kí o bá àwọn bẹ̀ mí. Má bẹ̀ mí. Mo ti gbé àga mi sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, èmi ni kó kọ́kọ́ gé.

Mi ò fẹ́ sọ èyí tó kù lórí fóònù, torí o máa ń jẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ohùn mi. Fi owó kọ́tìnì ránṣẹ́, kí o fi ti ṣòkòtò kún un, èyí tó wà lókè ti ya. Má fi sínú fóònù mọ́ o. Nígbà tí o ní owó ti wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dàbùkù. Bí o ṣe ń tọ́jú ohun olóhun, Olúwa á máa tọ́jú tìrẹ.

Ìgò tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ìpara ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Ìgò yẹn ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Èmi ni mo fi ra ojú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là bíi gìgísẹ̀, mi ò sì lè jókòó kí n máa wò ó bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ