Tírà Bàbá Lẹ́yìn Iná Àjà Ọkọ̀

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Èmi Ràímì, ọmọ yín tó ń wa takisí ní Kutọnu, dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín láti Agblangandan. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí àbúrò mi Mùfútáù tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mùfútáù, má fo ọ̀rọ̀ kankan, kódà bí ojú Ìyá bá yí padà.

Òjò kò jẹ́ ká rímú mí níbí. Omi gba gbogbo ọ̀nà àdúgbò wa, yàrá mi ń rùn, n kò sì ní ẹni tí mo lè bá rojọ́ àfi ògiri. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìyọnu. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Bàbá tí mo fi ń ṣe takisí ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ rántí pé kí Bàbá tó kú, àwọn fúnra wọn ló tú iná àjà ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi tírà wọn sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wà níbi tí èrò yóò ti jókòó lé e, òkè orí ló tọ́ sí i. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Kutọnu, ẹ kìlọ̀ fún mi pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí iná yẹn kú, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí obìnrin kan ní Gbégamey fi kọ̀ láti wọlé nírọ̀lẹ́. Ó ní òun kì í wọ ọkọ̀ tí òun kò ti lè rí ojú awakọ̀. Ó dùn mí, àmọ́ ó jàre.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá kan tó ń ṣe iná mọ́tò, ọmọ Pobè ni. Ó yẹ fíúsì wò, ó dáa. Ó tẹ bọ́tìnnì ẹnu ilẹ̀kùn, òun náà dáa. Ló bá yọ ike tó bo iná, ó fi iná ìdánwò kan wáyà, ó ní iná ń débẹ̀, gílóòbù ló jó. Ìgbà yẹn ni tírà bọ́ sí i lọ́wọ́. Awọ rẹ̀ ti gan, ìdajì ìwé inú rẹ̀ ti di eérú, aṣọ àjà sì ti dúdú. Tírà ni kò jẹ́ kí ooru gílóòbù rọ́nà jáde. Ọ̀gá náà ní díẹ̀ ló kù kí àjà gbiná lé èmi àti èrò lórí. Ó ní ikú tí ì bá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dá. N kò lè dúpẹ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo sunkún.

Ó fi gílóòbù tuntun tí kì í gbóná síbẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, iná tàn. Ó tì í, iná kú. Tírà kò padà sókè. Mo fi aṣọ funfun dì í, ó wà lórí àpótí mi.

Ìyá mi, Jímọ̀ mẹ́ta ni ẹ ti pè láti ìgbà náà, tí ẹ bi mí bóyá tírà wà níbẹ̀, tí mo ní ó wà. Irọ́ ni mo pa. Ẹ dárí jì mí. Mùfútáù, ka ibí yìí fún àwọn ará ilé àwọn ọmọ Ṣakété wa yòókù tó ń wakọ̀ níbí, kí wọ́n bá mi sọ fún wọn pé: ẹ yẹ ẹ̀yìn iná yín wò.

Ìyá mi, ẹ má wá tírà mìíràn fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, tírà ni ẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè bóyá mo jí ire. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó tẹ́ Bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà agbo ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràímì