Ta Ni Yóò Jogún Ọrun Bàbá Mi

Èmi, Hezekiah Olúṣèyí Ọdẹ́rìndé, ọmọ bíbí ìlú Ṣakí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń gbé ní Dutse Alhaji ní Àbújá, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi sì ríran. Èjìká ọ̀tún mi nìkan ni wọ́n là tí wọ́n tún rán, a kì í sì í fi èjìká pín ogún. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Kì í ṣe àìsàn ló ń lé mi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí n kò lè sọ lójú ayé mi, kò sì jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

1. Mo yan ọ̀rẹ́ mi, Ayọ̀túndé Thomas ti Nyanya, tí a jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ogún mi. Kí ó ka ìwé yìí sókè nígbà tí ìyàwó mi, ọmọ mi àti àbúrò mi bá jọ jókòó. Kí ó má fo ibì kankan. Thomas fẹ́ràn àti máa fo ohun tó bá lè bí èèyàn nínú.

2. Ilé mi ní Dutse Alhaji àti ẹrù inú rẹ̀, ti ìyàwó mi Adépéjú ni títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó di ti ọmọ wa kan ṣoṣo, Jọmílójú.

Kí ẹnikẹ́ni má yọ ìṣó tó wà lára àtẹ́rígbà ilé ìdáná. Nígbà tí mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ tí iṣan èjìká mi já, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi tán, ibẹ̀ ni Adépéjú so okùn mọ́. Ní àràárọ̀ ni ó ń dúró tì mí kí n máa fa okùn náà. Mo ń pariwo mọ́ ọn bíi pé òun ló já iṣan ọ̀hún. Okùn ló kàn ń nà sí mi.

3. Ajá mi, Sùúrù, mo fi fún Jọmílójú. Mo sọ ọ́ ní Sùúrù bóyá díẹ̀ nínú rẹ̀ á ràn mí. Kò ràn mí. Jọmílójú ń gbọ́ Yorùbá mi délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń dá mi lóhùn. Ajá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Kí ọmọ mi tètè mọ̀.

4. Ọrun tuntun tó wà nílé Thomas, mo fi fún àbúrò mi Ọláídé ní Ṣakí.

Ọláídé, wàá bèèrè pé ọrun wo nìyẹn. Fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Bàbá wa kú, tí àwọn àgbà ẹbí gbé ọrun rẹ̀ fún mi nítorí pé èmi ni àkọ́bí, o bèèrè níwájú gbogbo ilé pé kí ni ẹni tó ń fi bírò ta ọfà ní Àbújá fẹ́ fi ọrun ṣe. O ní agbára tó wà nínú ọrun Bàbá kì í ṣe ti akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà, a kò jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́. Ó dùn mí wọra. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lé mi lọ sí igbó ẹ̀yìn Bwari bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́sẹ̀, títí mo fi mọ ọ̀yà ta lọ́fà bí ọmọ ọdẹ.

5. Ọrun Bàbá gan-an wá kù. Kí n tó dárúkọ ẹni tó ni ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Dókítà ní kí n gbàgbé ọrun, pé bí iṣan náà bá tún já, kò ní ṣe é rán mọ́. N kò gbàgbé. Mo gbé ọrun jáde sẹ́yìn ilé, mo fà á, kò kúrò níwájú àyà mi. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ọsán tèmi wà ní pípé, apá ló di ọ̀pá. N kò lè jókòó, oorun kò kùn mí. Mo ń rìn yí ilé ká títí Adépéjú fi ní òun yóò so mí mọ́ ibi tí wọ́n ń so ajá mọ́.

Nígbà tó yá, mo lọ sí ìsìnkú kan ní Ṣakí. Mo padà dé Àbújá, mo mú ọrun, mo fà á, ó dé etí! Mo kígbe, Adépéjú pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo ta ọ̀yà kan lóko àgbẹ̀ Gbàgyí kan tó gbà mí láyè. Adépéjú sè é. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde níwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti dá èjìká ọkọ òun padà. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ pààrọ̀ awọ tí a fi wé ibi tí a ti ń di ọrun mú ni àṣírí tú. Igi abẹ́ awọ nípọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n ti fá a tín-ín-rín, wọ́n sì fi epo pa á kó lè jọ ti àtijọ́. Mo gbé e lọ bá Jàbárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbẹ́ ọrun àti èèkù ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà èso ní Zuba. Ó wo ọrun, ó wo ojú mi, ó ní kai, Bàbá, Màmá ní n kò gbọdọ̀ sọ o.

Adépéjú ló gbé e lọ nígbà tí mo wà ní Ṣakí. Jàbárù bi í pé báwo lòun ṣe máa mọ ibi tí òun yóò fá a dé. Adépéjú ní kí ó máa fá a díẹ̀díẹ̀, kó sì máa gbé e fún òun wò. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fá a ni obìnrin ń fà á. Ìgbà tí Adépéjú, tí kò fa ọrun rí láyé rẹ̀, fà á dé etí ara rẹ̀ ló tó ní ó tó.

Inú bí mi. Ọrun Bàbá mi! Mo ní kí Jàbárù gbẹ́ òmíràn, kó le bí ti Bàbá ṣe le tẹ́lẹ̀. Òun ló wà nílé Thomas. Adépéjú rò pé ìpàdé àwọn afẹ̀yìntì ni mo ń lọ ní Nyanya, ọrun ni mo ń lọ fà. Thomas á dúró tì mí, á máa ní easy o, ọ̀gá mi, easy. Títí di òní, ó ń dé àyà, kò tíì dé etí. Ọláídé, agbára lo ní kì í ṣe ti akọ̀wé, agbára rèé. Kí o bi Thomas bóyá mo fà á dé etí kí n tó lọ. Bí n kò bá fà á débẹ̀, bá mi fà á.

Nírọ̀lẹ́, mo ṣì ń fa èyí tí wọ́n fá, Adépéjú ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ á dé ètè mi, n ó gbé e mì, nítorí bí mo bá sọ ọ́, àtẹ́wọ́ yẹn á dópin, n kò sì fẹ́ kó dópin. Ìyá Jọmílójú, mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ ju ọrun lọ.

6. Nítorí náà, ọrun Bàbá mi, apó rẹ̀ àti gbogbo ọfà inú rẹ̀, mo fi fún Adépéjú. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má sọ pé obìnrin kì í jogún ọrun. Apá rẹ̀ ni wọ́n fi wọn ọrun náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá sin mí, kí ó gbé e jáde sẹ́yìn ilé, kí ó fà á dé etí. Kí Jọmílójú pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi buwọ́ lu ìwé yìí, nílé Thomas ní Nyanya, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Hezekiah Olúṣèyí Ọdẹ́rìndé

Àwọn tí ó ṣojú wọn, tí wọn kò sì ní ìpín kankan nínú ogún náà:
Fẹ́rànmí Ajíbóyè, aládùúgbò Thomas
Waris Ọlámilékan Àjàó, akọ̀wé agbẹjọ́rò