Ilé Tí Wọ́n Ní Mi Ò Ní Ìpín Nínú Rẹ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀mejì torí ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni màá kọ. Orúnkún tó ń dùn mí ti ń sàn, mo ṣì ń gbẹ́ kànga, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kan omi nínú èyí tí mò ń gbẹ́ fún ilé ìwé, omi náà mọ́ gaara. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí omi tìrẹ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ilé tí o fẹ́ rà ló jẹ́ kí n mú bíró. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ń tà á ní ìlú epo rọ̀bì yẹn, inú mi dùn, àmọ́ onígbàjámọ̀ wa tí à ń pè ní Mo-Ti-Gbọ́ ní ilé tó bá pọ́ọ́kú, kéèyàn yáa bẹ̀rẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ní kó máa fá irun lọ. Èmi tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé kan, òun ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣebí o ti sọ fún mi pé ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé bí ẹni ń gbin àgbàdo, ohun tó bá sì pọ̀ lọ́jà kì í wọ́n. Ó tún ní tí epo bá tán ńkọ́. Mo ní orí tí òun ń fá ń pá lójoojúmọ́, ṣé òun ti kó kúrò nílùú?

Lọ́jọ́ tí o fi fóònù mú wa wọ inú ilé náà, mo bọ́ bàtà kí a tó wọlé, ìyá rẹ náà bọ́ tiẹ̀. Mo kí ọkùnrin tó ń bá wọn tà á, kò dáhùn, mo gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Nígbà tí mo ní kí o gbé fóònù sílẹ̀, kí o fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, tí mo wá fi etí lé e, ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbọ́ ọ pé abẹ́ ibẹ̀ ṣófo. Àyà mi já, àfi ìgbà tí o ní yàrá kan ló wà lábẹ́ ilé, pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wà nínú ihò, kò sẹ́nì kan tó rò ó rí pé kí wọ́n tẹ́ ibùsùn síbẹ̀ fún mi. Mo ní kí o yí fóònù kiri ara ògiri, kò sí ibi tó rin, igun rẹ̀ gún régé. Ẹni tó gbẹ́ ibẹ̀ mọṣẹ́. Ra ilé náà.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ yẹn, ọmọ mi, ó dùn mí. Èdè bánkì ni wọ́n fi kọ ọ́, tíṣà ilé ìwé tí mò ń gbẹ́ kànga fún ló kà á fún mi. Owó ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé tí mo tà, tí mo fún ọ pé kí o fi kún owó tí o máa kọ́kọ́ san, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni, pé mi ò ní gbà á padà láéláé, pé mi ò sì ní ìpín kankan nínú ilé náà. Wọ́n ní tí mi ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọn ò ní yá ọ ní ìyókù, ilé á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo ní kí tíṣà tún un kà. Máníjà bánkì tí kò mọ ọjọ́ tí a bí ọ ló ń sọ ohun tí mi ò ní nínú ilé ọmọ mi fún mi, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ mú ìwé ilé náà dání fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí o fi máa san gbèsè náà. Mo wá rí ète rẹ̀ kedere, ó fẹ́ kí bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òun lè di baálé ilé. Mo bi tíṣà bóyá ara máníjà náà le, torí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kì í ṣeré, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, ìwé yìí wá ní kí òkété lọ wá oúnjẹ síbòmíì. Mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́rú, ìyá rẹ ń ká aṣọ, kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ, tí mò ń gbé ọ kọjá odò lọ sílé ìwé ní àárọ̀, tí mò ń gbé ọ bọ̀ ní ọ̀sán, ṣé mo kọ ọ́ síbì kan pé o máa gbé mi padà. Mo ní rárá. Ó ní kí ni mo wá ń bá bánkì fà, ohun tí mo ti ń ṣe látọjọ́ tí a ti bí ọ ni wọ́n kàn kọ sílẹ̀. Mo dìde, mo wá bíró.

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo tún tẹ àtàǹpàkò méjèèjì sí i kó má baà sí àríyànjiyàn. Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ bí mo ṣe jẹ́ sí ọ, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo bí ọ, tí wọn ò bá gbà, ìyá rẹ ń bẹ níbí, kí wọ́n wá bi í. Mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ máníjà sí ìsàlẹ̀, kó lè mọ̀ pé kò sí ìjà. Ọjọ́bọ̀ lèmi àti tíṣà gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, ẹ̀rọ náà gbé ìwé mì, ó sì tún pọ̀ ọ́ síta. Mo rò pé wọ́n kọ̀ ọ́ ni, mo ti ń bínú bọ̀, kí tíṣà tó ní ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Fi owó ọkọ̀ tíṣà ránṣẹ́, àti owó okùn tuntun, torí èyí tí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga ti gbó. Kì í ṣe owó ẹ̀bùn yẹn ni mò ń béèrè o, kí máníjà má baà ní mo ti yí ohùn padà. Kọ "okùn" sí i gàdàgbà kó lè rí i.

Ilé tí o fẹ́ rà yìí, ayọ̀ lo máa fi gbé e. O ò ní fi owó ilé sanwó ìwòsàn. Epo ìlú yẹn ò ní tán lójú rẹ, tó bá sì tán, ọ̀nà oúnjẹ tìrẹ ò ní dí. Máníjà á mú ìwé rẹ dání pẹ̀lú àlàáfíà, á sì fi lé ọ lọ́wọ́ níṣojú èmi àti ìyá rẹ.

Ó ku ti yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Mi ò sọ pé tèmi ni, mo ti tọwọ́ bọ̀wé. Àmọ́ mo ní kí tíṣà ka fọ́ọ̀mù yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó fi í ránṣẹ́, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
agbẹ́kànga.