Àwọn Tó Ti Jókòó sí Sítọ́ọ̀ Kòkó Wa

Raheemah, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà fún ọ lójú iṣẹ́ àti lójú oorun. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn? Gbogbo Odode kí ọ. Òkè Ìdànrè ṣì dúró síbi tó wà, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ipò tìrẹ náà yẹ̀.

Prosper, ayàwòrán ilé tí o rán sí wa nítorí sítọ́ọ̀ kòkó bàbá bàbá rẹ, ti dé. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì jẹ iyán mi tán. Ó ní wọn kò ní wó o, wọn yóò tún ògiri alámọ̀ rẹ̀ ṣe, wọn yóò pààrọ̀ páànù tó ń jò, yóò wá di ibi ìkàwé àti ìpàdé fún gbogbo ìlú. Inú mi dùn, àfi ìgbà tó ṣí àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ní kí n wo bí yóò ṣe rí. Raheemah, àwọn èèyàn ti wà níbẹ̀! Obìnrin kan tí kò borí jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń mu tíì. Ọkùnrin kan fa ajá wọlé. Ajá, níbi tí bàbá bàbá rẹ ti ń kírun! Mo bi Prosper pé ta ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni, pé ọ̀ṣọ́ àwòrán lásán ni wọ́n. Ta ló ń fi èèyàn ṣe ọ̀ṣọ́? Mo wò wọ́n títí, n kò rí ọmọ Odode kan ṣoṣo, ó sì bí mi nínú gan-an. Mo ní bírìkìlà kankan kò ní fọwọ́ kan ògiri yẹn títí wọn yóò fi jáde kí àwọn onílé wọlé.

Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ pe Wàsíù tó ń bá wa ṣe oko kòkó, mo pe Hannah aránṣọ, mo pe Mùjídàt àtàwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa wọ aṣọ ọdún, a tò síwájú ilé, Prosper sì ya fọ́tò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé àwòrán náà padà wá, ajá ti lọ. Wàsíù tí kò mọ̀wé ló jókòó níbẹ̀ tó gbé ìwé dání. Ó wo ara rẹ̀ títí, ó ní òun yóò kọ́ bí a ṣe ń kàwé dandan. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó ku àga ẹ̀bá fèrèsé tí obìnrin onítíì yẹn ti kúrò. Prosper fẹ́ fi ẹlòmíràn síbẹ̀, mo ní kó má dán an wò, ọmọ mi ló ni ín. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, owó nìkan lò ń rán, o ò wálé, owó kì í sì í jókòó sórí àga. Àárò rẹ ń sọ mí.

Òjò ti sún mọ́lé, jọ̀ọ́, a nílò owó páànù. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì o, fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Ọlọ́run yóò mú ọ dé láyọ̀. Mo ti ní kí Prosper bá mi nu eruku orí àga náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zulaikha