Abẹ́rẹ́ Mi Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ìpàdé Ẹbí

Olóòtú wa, ẹ kú ìtọ́jú etí wa láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ bò mí láṣìírí.

Aránṣọ ni mí. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ mi, tó yẹ kí wọ́n máa dáàbò bò mí, ló kọjú ìjà sí oríkèé ọwọ́ mi. Dókítà fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń dá wọn lẹ́kun, mo sì ti padà sídìí máṣíìnì.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá gbọ́ pé ara sẹ́ẹ̀lì eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, jáwọ́ ńbẹ̀, kó o má baà bí eku fún wa!" Wọ́n pe ìpàdé ẹbí.

Mo ní, "Àǹtí mi, nígbà tí mò ń ké ìrora, ẹ ò pèpàdé."

Wọ́n ní mo yájú. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń kọ̀ fún àgbà láì yájú? Ní ti kíkọ̀, mo ti kọ̀ ná.