Màmá Martha Ṣàngódùnní Àkàndé (1931–1988), Ẹni Tó Gbé Ilé Bàbá Rẹ̀ Sínú Orin

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Màmá wa sí ní oṣù kẹta ọdún 1931. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n ti dákẹ́, nínú agboolé kan náà, lójú gbogbo wa. Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ti Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ìrẹsà wá bá wa kẹ́dùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, bí ọ̀rọ̀ wa bá ń já lẹ́nu, ẹ má bínú. Àyà wa ṣì ń já. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ayé rẹ̀ sin Ọlọ́run tó ẹni tí à ń sọ ìtàn rẹ̀, bí omijé tilẹ̀ ń dí wa lójú.

Bàbá tó bí wọn ni Ògúnmọ́lá, alágbẹ̀dẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ìyá wọn ni Ifábùnmi, tí àwọn ará ilé ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kún, nítorí pé kò sí ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ ládùúgbò náà tí kì í wá kọ́ ẹkún ìyàwó lọ́dọ̀ wọn. Ìsìn ìdílé ni àwọn méjèèjì mọ̀, orúkọ Ṣàngó ni wọ́n sì sọ ọmọ wọn. Nígbà tí Màmá fẹ́ ṣe ìrìbọmi, pásítọ̀ ní kí Martha rọ́pò Ṣàngódùnní. Màmá dá wọn lóhùn pé, “Olúwa tó ń pè mí mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, sà. Ẹ jẹ́ kí n máa jẹ́ méjèèjì.” Wọ́n sì jẹ́ méjèèjì títí dọjọ́ ikú.

Ní 1938, wọ́n wọ ilé ìwé àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà nínú Ìwé Mímọ́, tí wọ́n sì kọ́ orin láti inú ìwé orin. Ní 1948, wọ́n wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Níbí ni Bàbá wa, Simon Àkàndé, gbẹ́nàgbẹ́nà Ọjà Igbó, ti gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí wọn kò sì lè jókòó ti pákó mọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1953. Ilé wọn kún fún ẹ̀rín àti orin títí Ọlọ́run fi pe Bàbá ní 1979.

Ohun kan ṣoṣo ló ba ayọ̀ Màmá jẹ́ nígbà ọ̀dọ́ wọn. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, Ògúnwùmí, tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Sáríà ní 1957. Ibi ìrọbí ló kú sí. Wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó dé Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń sọ pé ọmọ tí àwọn bá bí kò ní í kọjá Odò Ọya.

Olùkọ́ ni wọ́n títí di 1984 tí wọ́n fẹ̀yìn tì, aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sì ni wọ́n títí dé òpin. Ní 1986, wọ́n pe àwọn akọrin jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí wọ́n jọ fi orin ya sinimá kan nípa agboolé bàbá àwọn láyé àtijọ́: bí àwọn ìyá ṣe ń jí, bí àwọn ọmọ ṣe ń jà sí ẹran, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń bọ́ lu òrùlé, títí di ọjọ́ tí ọmọbìnrin ilé yóò lọ ilé ọkọ.

“Màmá, akọrin mà ni wá. A kì í ṣe òṣèré,” ni ẹnì kan wí.

“Ṣé ẹnikẹ́ni ò bí yín nílé ni?” ni Màmá fi dá a lóhùn. “Ẹni tó bá ti jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ rí lè ṣeré yìí.”

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọládipúpọ̀, ọmọkùnrin Ìbàdàn tó ní kámẹ́rà, ló ń darí eré. A fi koríko bẹẹrẹ bo páànù ilé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. A gbé kíjìpá àti sányán jáde láti inú àpótí. Màmá kò sì fojú fo ohunkóhun. Wọ́n dá odidi ijó kan dúró nítorí pé akọrin kan wọ bàtà rọ́bà. Ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, Alhaja Kúbúrátù, tó ń ṣe ìyálé nínú eré náà, ni wọ́n tún kọjú sí.

“O ní kí n bọ́ aago, mo bọ́ ọ. O ní kí n yọ yẹtí, mo yọ ọ́,” ni Alhaja wí. “Martha, ṣé eyín wúrà tí mo gbé bọ̀ láti Mẹ́kà ló wá kù tí n ó yọ?”

“Má yọ ọ́. Ṣáà ti má rẹ́rìn-ín.”

Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín? Kúbúrátù gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wúrà sì ń kọ mọ̀nà lójú oòrùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ mọ́ eré. Moyinolúwa, àbíkẹ́yìn Màmá, ti rí ọkọ: Mátíù, olùkọ́ ọmọ Ìrẹsà. Ìjọba gbé iṣẹ́ Mátíù lọ sí Yólà. Màmá ní, “Mo fẹ́ràn Mátíù bí ọmọ tí mo bí. Yólà ni n kò fẹ́. N kò lè tún ti ẹnu àlejò gbọ́ ikú ọmọ mi.”

Moyinolúwa wólẹ̀ níwájú wọn. “Màmá, n kò ní lọ láìgba ìre lẹ́nu yín. N kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn. Ìyá kò súre, ọmọ kò lọ. Síbẹ̀, nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò ṣe ìyàwó nínú eré náà, Moyinolúwa ni Màmá nawọ́ sí. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ló jọ ti Ìyá Ẹlẹ́kún jù.

Ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún yìí, a fẹ́ ya ẹkún ìyàwó, èyí tó gbẹ̀yìn eré. Màmá, tí wọ́n ń ṣe ìyá ìyàwó, jókòó sórí àpótí, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Moyinolúwa kúnlẹ̀ níwájú wọn, osùn lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀:

“Ìyá mi, gbọ́wọ́ rẹ lé mi lórí,
Ẹsẹ̀ tó ń lọ kò mọ ilẹ̀ tí yóò tẹ̀,
Àdúrà ìyá ni àtùpà ọ̀nà.”

Bó ti parí, Màmá gbọ́wọ́ lé e lórí. Omi ń dà lójú wọn. “Máa lọ, Moyinolúwa. Ìwọ àti Mátíù, ẹ ó kọjá odò, odò kò ní gbé yín. Ẹ ó bí, ẹ ó tọ́. Ayọ̀ yín ni àlejò yóò máa ròyìn fún mi.”

“Ó tì o!” ni Ọládipúpọ̀ kígbe. “Màmá, Ifákáyọ̀dé lorúkọ ọkọ! Mátíù ò sí nínú eré!”

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrátù ní, “Martha, arúgbó ti dé!” Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi etí ìró nu ojú.

“Màmá, ṣé...” ni Moyinolúwa bẹ̀rẹ̀.

“Sun ẹkún rẹ, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

A tún un ṣe. Moyinolúwa sunkún, ó parí, ó ń retí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ kò wá. Nínú agboolé Ògúnmọ́lá, òbí kì í sọ̀rọ̀ títí ẹkún ọmọ yóò fi tán, nítorí náà ó rò pé Màmá fẹ́ kó máa bá a lọ. Ó fa ẹkún náà gùn. Ó ki bàbá, ó ki ìyá, ó dágbére fún kànga àti ẹnu ọ̀nà. A ò gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Akọrin rọra ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àwa tí a dúró sẹ́yìn kámẹ́rà ń sọ fún ara wa pé, “Ẹ wo bí Màmá ṣe dákẹ́! Ẹ wo eré!” Ọlọ́run, dárí jì wá. Òkú ni a ń yìn.

Kúbúrátù tó jókòó tì wọ́n ló fọwọ́ kàn wọ́n. “Martha. Martha!”

“Alhaja, ìyẹn ò sí níbẹ̀!” ni Ọládipúpọ̀ jágbe mọ́ ọn.

“Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Martha ò mí mọ́!”

Dókítà ní ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá wa jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó tún bá wa wí pé ohùn kejì ń wọ́lẹ̀! Títí di òní, bí ilẹ̀kùn bá dún, a máa ń wojú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni Moyinolúwa kò ti jẹun dáadáa. Ó ní bóyá àṣìṣe lásán ni ìre náà, bóyá arúgbó ló ṣi orúkọ pè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mojísọ́lá, ló pè é jókòó. “Ilé ẹ̀gbẹ́ ilé ni ìyàwó ń lọ nínú eré yẹn. Odò wo ló wà níbẹ̀? Èmi ni mo bá Màmá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí odò kankan nínú rẹ̀. Odò tó ti ń bà wọ́n lẹ́rù láti ọjọ́ yìí ni wọ́n là fún ọ.” Moyinolúwa sunkún títí, ó sì bu oúnjẹ sẹ́nu.

Àwọn àgbà agboolé Ògúnmọ́lá náà ti fohùn sí i. Mátíù wà láàárín wa lónìí gẹ́gẹ́ bí àna. A ti sọ fún Ọládipúpọ̀ pé ìre àkọ́kọ́ ni kó lò nínú sinimá náà, kó má gé igbe ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni Mojísọ́lá, oníṣòwò ní Ọjà Igbó. Olúwaṣògo, ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn. Moyinolúwa àti Mátíù. Àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún. Alhaja Kúbúrátù, ọ̀rẹ́ tó ju iyèkan lọ. Àti ẹgbẹ́ akọrin tí kò tíì mọ ẹni tí yóò fún wọn ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa tó pè yín lójijì fi ìrọ̀rùn gbà yín, Màmá. Ẹ sun oorun ayọ̀. Moyinolúwa ti ń di ẹrù.